Àdùkẹ́, Àkùràkudà Tó Ń Gbé Afẹ́fẹ́ Mì

Ẹja kan gbé afẹ́fẹ́ mì lójú mi lọ́jọ́ Sátidé kan, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ayé mi ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà náà. Mò ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn ní Queens, nílùú New York, Kúdírátù ọmọ mi sì ti fi ẹkún gba ìlérí lẹ́nu mi pé mo máa mú òun lọ sí ilé ẹja, níbi tí èèyàn ti ń wo ẹja ààyè, tó wà létí òkun ní Brooklyn. Ẹni tí wọ́n bí sí Ẹ̀pẹ́, tí ìyá rẹ̀ ń yan ẹja tà, kì í fi ojú lásán wo ẹja. Bí a ṣe ń kúrò nídìí gíláàsì kan bọ́ sí ìdí òmíràn ni mò ń fi ọkàn ṣírò ata àti àlùbọ́sà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn máa gbà, títí a fi dé iwájú táńkì àwọn àkùràkudà.

Èyí tó tóbi jù nínú wọn gùn ju ọkọ mi lọ dáadáa, ọkọ mi kì í sì í ṣe èèyàn kúkúrú. Àwọ̀ eérú ni, pẹ̀lú àmì pupa rúsúrúsú káàkiri ara rẹ̀ bí ibi tí irin ti dógùn-ún. Eyín rẹ̀ yọ síta kódà nígbà tó pa ẹnu dé. Ó rọra gòkè, ó yọ imú sókè omi, ó gbé afẹ́fẹ́ mì gbì, ó sì sọ̀kalẹ̀ padà dé àárín omi. Ó wá dúró. Kò rì, kò léfòó, ìrù rẹ̀ kò mì. Kúdí fa aṣọ mi, ó ní, "Mọ́mì, ó ti kú."

Bàbá adúláwọ̀ kan tó gbé garawa ń kọjá lẹ́yìn wa. Mo dá a dúró, mo bi í kí ló ṣe ẹja náà. Ó gbé garawa rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó ti ń retí ìbéèrè náà láti àárọ̀. Ó ní àkùràkudà kò ní àpò afẹ́fẹ́ nínú bíi ti àwọn ẹja tí mò ń jẹ nílé. Òróró tó wà nínú ẹ̀dọ̀ wọn ló ń dín ìwúwo wọn kù, kò sì tó, nítorí náà, tí wọn kò bá lúwẹ̀ẹ́, wọ́n á máa rì. Ṣùgbọ́n irú èyí, tí àwọn òyìnbó ń pè ní ẹkùn iyanrìn, ti wá ọgbọ́n sí i. Ó ń lọ gbé afẹ́fẹ́ mì lókè sínú ikùn rẹ̀, kó lè dúró sójú kan láìsí wàhálà.

Mo bi í pé tó bá wá fẹ́ sọ̀kalẹ̀ ńkọ́. Ó ní á jẹ́ kí afẹ́fẹ́ náà gba ẹ̀yìn jáde.

"Ẹ ní kí ló ṣe?" ni mo bi í. "Ṣé ó ń só ni?"

Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Kúdí sọ fún gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ojú irin pé àkùràkudà ń só. Èmi ò gbọ́ mọ́. Àpò afẹ́fẹ́ tí bàbá náà ń sọ ni mò ń rò, torí mo mọ̀ ọ́n. Ohun funfun bíi bàlúùn tí ìyá mi máa ń yọ nínú ẹja ni, tí àwa ọmọdé á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kó lè dún pàù. Mo ti fọ́ ọ bí ẹgbẹ̀rún, mi ò bi ẹnikẹ́ni rí pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe nínú ẹja.

Bí mo ṣe dé ibi iṣẹ́ kò gba àlàyé púpọ̀. Gbogbo Sátidé tí mo bá ráyè ni mò ń lọ síbẹ̀. Bàbá yẹn, Mísítà Bẹ́nẹ́tì, ọmọ erékùṣù Barbados, ni olórí àwọn olùtọ́jú àkùràkudà. Nígbà tí ẹni tó ń gé ẹja fún wọn fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó pè mí. Owó rẹ̀ kò tó ti ìtọ́jú arúgbó, ìyẹn náà kò gba àlàyé. Ọkọ mi, Bàbá Kúdí, tó ń wa takisí, gbọ́ ọ, ó pa tẹlifíṣọ̀n. Ó ní, "Ìyá Kúdí, o fi èèyàn sílẹ̀ lọ tọ́jú ohun tó ń jẹ èèyàn?" Mo ní kì í jẹ èèyàn, pé ẹja kéékèèké ló ń jẹ, pé eyín rẹ̀ tín-ín-rín bíi abẹ́rẹ́ nítorí pé ńṣe ló ń fi gún ẹja tó ń yọ̀ kó má bọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ní, "Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀. Ṣé òun náà mọ̀?"

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka èyí, tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́, ẹ jẹ́ n sọ bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ọdún kan gbáko ni mo lò nínú yàrá ìgẹ́ja láìfọwọ́ kan omi táńkì. Ẹja Titus àti ṣáwá ni oúnjẹ wọn. Òfin Mísítà Bẹ́nẹ́tì ni pé ohun tí èmi fúnra mi kò bá ní sè fún ọmọ mi, n kò gbọdọ̀ fi sínú garawa. Ó máa ń ṣí èèkẹ́ ẹja kọ̀ọ̀kan wò lẹ́yìn mi. Tí ó bá rí ọ̀kan tó ti ń ṣú, á da gbogbo garawa náà nù, á ní kí n tún bẹ̀rẹ̀. N kò bínú sí i, torí ìyá mi burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá mi a dà á nù, a sì tún sọ ọ́ fún gbogbo àdúgbò.

Mísítà Bẹ́nẹ́tì kò gba òórùn tùràrí, kò gba bàngù lọ́wọ́, kò gba orin. Ó ní àkùràkudà ń gbọ́ ìró tó rẹlẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn ju bí mo ṣe rò lọ. Ó ní ihò wínníwínní tó wà ní imú wọn, tí mo rò pé bí irorẹ́ ni, ni wọ́n fi ń mọ iná mànàmáná kékeré tó ń jáde lára gbogbo ohun tó lẹ́mìí, débi pé ẹja tó bo ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú iyanrìn kò rí ibi sá sí. Bí ọdún yẹn ṣe ń parí lọ, ó ní kí n máa jókòó níwájú gíláàsì ní àsìkò ìsinmi mi, kí n sì sọ fún òun bí mo ṣe lè dá ẹja kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì. Ẹja mẹ́rin ni wọ́n. Nọ́ńbà ni ilé iṣẹ́ fún wọn. Mo wò wọ́n títí, mo wá ṣàkíyèsí pé àmì pupa ara wọn kò jọra, pé bí ilà ojú ni. Mo sọ fún un pé èyí tó tóbi jù yìí kọ mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó bu ọ̀kan sí abẹ́ lẹbẹ́. Ó wò mí, ó ní ọ̀la ni kí n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ inú omi.

Mo sọ èyí tó tóbi jù ní Àdùkẹ́. Akọ kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ń rìn bí ẹni tó ni ilé, mo sọ ọ́ ní Jágùnlabí. Àwọn méjì yòókù, abo tó ṣì kéré, ni Àìná àti Ọ̀jọ̀. Mísítà Bẹ́nẹ́tì ní òun kò lè pè é, nígbà tó sì di oṣù mẹ́ta, òun náà ti ń bú Jágùnlabí.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ mọ omi, ṣùgbọ́n láti wọ inú omi kí n sì máa mí níbẹ̀, ìyẹn jẹ́ ọ̀tọ̀. Ẹ̀rù tó bà mí kò ju ti aṣọ lọ, torí mo rò pé ìwọ̀sí ni wọ́n máa fi wọ̀ mí. Nígbà tí mo mú aṣọ róbà náà wálé, Bàbá Kúdí yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó bò mí láti ọrùn ọwọ́ dé ọrùn ẹsẹ̀, fìlà rẹ̀ sì bo gbogbo irun mi. Ó ní àwọn obìnrin kan wà ní mọ́ṣáláṣí wa tí wọn kò bo ara tó báyìí.

Ohun tó ń bẹ nísàlẹ̀ táńkì, tí mo máa ń lọ ṣa, ni eyín. Eyín wọn tò sẹ́yìn ara wọn ní ìlà-ìlà. Bí ti iwájú ṣe ń bọ́ ni ti ẹ̀yìn ń bọ́ síwájú, títí ẹja náà á fi kú. Èmi tí wọ́n yọ eyín méjì fún lẹ́yìn ìbímọ, mo jowú wọn.

Ní ọdún kan, mo rí i pé ọ̀fun Ọ̀jọ̀ ń wú. Mo wò ó dáadáa lábẹ́ omi. Nígbà tí mo jáde, mo ní, "Ọ̀gá, ó dà bíi pé Ọ̀jọ̀ ní gẹ̀gẹ̀." Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, gẹ̀gẹ̀ gan-an ni, bíi ti èèyàn. Ó ní àìsàn ilé ni fún àkùràkudà. Àwọn ohun tí a fi ń fọ omi táńkì mọ́ máa ń jẹ́ kí àyodíìnì, èròjà tí wọ́n ń fi sínú iyọ̀ tí à ń jẹ, dínkù nínú rẹ̀, kò sì sí irú rẹ̀ nínú òkun gbalasa. Láti ọjọ́ náà ni iṣẹ́ fífi egbòogi sábẹ́ èèkẹ́ ẹja Titus ti di tèmi. Bí a kò bá fi í pamọ́ dáadáa, Jágùnlabí á tu ú dà nù bí ọmọdé.

Ibi àṣà agolo ìyá mi ni mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù iṣẹ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí ìyá mi bá fẹ́ fún adìẹ lóúnjẹ, agolo mílíìkì ló ń lù, gbogbo wọn á sáré wá. Ó ti wọ̀ mí lára. N kò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀mú tí a fi ń na ẹja sí wọn lu etí garawa kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mísítà Bẹ́nẹ́tì bá mi níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó ní ariwo wo nìyẹn, pé ṣé òun kò ti sọ ọ́ fún mi. Ó ń bínú lọ, mo ń bẹ̀ ẹ́, ìgbà tó bojú wo omi, Àdùkẹ́ ti wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. A kò tíì ju ẹja kankan.

Ó ní kí n tún un lù. Àwọn yòókù wá.

Ó ní, "Ta ló kọ́ ẹ?"

Mo ní, "Ìyá mi, sà. Adìẹ ló ń fi pè."

Láti ọjọ́ náà, a fi garawa lílù sílẹ̀, a ri irin kan bọ inú omi tí a ń fi òòlù róbà lù, kó lè dún nílẹ̀ bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ. A kọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìlù tirẹ̀. Jágùnlabí, ẹ̀ẹ̀kan tó lágbára. Àdùkẹ́, mẹ́ta wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Kí ọdún tó yí, ẹni tí a bá pè nìkan ló ń wá, tí èkejì kò bá jẹ́ olójúkòkòrò. A sì wá kọ́ wọn láti máa lúwẹ̀ẹ́ wọ inú àpò róbà gígùn tí a fi ń gbé wọn, nígbà tí dókítà bá fẹ́ yẹ̀ wọ́n wò. Ṣáájú ìyẹn, àwọ̀n ni wọ́n fi ń lé wọn, wọ́n á sì jà títí á fi rẹ̀ wọ́n.

Ohun kan wà tí ilé ẹja wa kò tíì rí, ọmọ ni. Mísítà Bẹ́nẹ́tì sọ ọ́ fún mi lọ́pọ̀ ìgbà pé láti ìgbà tí òun ti dé ibẹ̀, kò sí ẹkùn iyanrìn kankan tó bímọ níbẹ̀, pé ó ṣọ̀wọ́n gan-an kí wọ́n bímọ nínú táńkì níbikíbi. Ó wù ú, ó sì wá ń wu èmi náà ju ohunkóhun lọ nínú iṣẹ́ náà, kí Àdùkẹ́ bí, kí ọmọ náà sì yè.

Ẹ jẹ́ n sọ bí wọ́n ṣe ń bímọ, nítorí kò sí ẹni tí mo sọ ọ́ fún rí tó jẹun tán. Ilé ọmọ méjì ni abo ní, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ẹyin ń pa nínú ilé ọmọ, ọlẹ̀ púpọ̀ ló sì máa ń wà níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tó bá kọ́kọ́ dàgbà nínú ilé kọ̀ọ̀kan, tó hu eyín, á jẹ àwọn àbúrò rẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà, ìyá á máa sọ ẹyin tí kò lẹ́mìí sí i, á máa jẹ ẹ́ lọ títí di ọjọ́ ìbí. Nítorí náà, ọmọ méjì péré ló sábà máa ń jáde, wọ́n á sì ti gùn tó mítà kan, wọ́n á ti mọ ọdẹ ṣe. Nígbà tí mo sọ fún Bàbá Kúdí, ó ní, "Ìbejì ni wọ́n ń bí ní gbogbo ìgbà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ìlú wa ni wọ́n ti wá nìyẹn.

Ohun tí èyí mú wá kò panilẹ́rìn-ín. Abo kì í bí títí á fi tó bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá, lẹ́yìn náà á máa fi bí ọdún méjì tàbí mẹ́ta sáàrin ìbí kan sí èkejì. Bí apẹja bá pa wọ́n nípakúpa, kò sí bí wọ́n ṣe lè kún padà kíákíá. Ìdí nìyí tí òfin fi sọ pé ẹni tó bá fi ìwọ̀ fà á sókè gbọ́dọ̀ dá a padà sómi.

Ìgbà tí a wá rí ọgbẹ́ eyín Jágùnlabí lára lẹbẹ́ Àdùkẹ́, inú wa dùn. Bí akọ ṣe ń gùn ún nìyẹn, eyín ló fi ń di abo mú. Dókítà Rósà, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń tọ́jú àwọn ẹja wa, dúró kí oṣù mélòó kan kọjá kó tó fi ẹ̀rọ skáànù wo inú rẹ̀. A pe Àdùkẹ́ sínú àpò, a yí i dojú sókè. Tí àkùràkudà bá ti dojú sókè báyẹn, á dákẹ́ bí ẹni tó sùn. Rósà fi ẹ̀rọ náà wá a nínú. Ó rí ohun kan tó ń mì lọ́tùn-ún. Ó rí òmíràn lósì. Ó bojú wò mí, ó ní, "Mama Kúdí, ẹ wá wò ó." Òun ló kọ́ ara rẹ̀ láti máa pè mí bẹ́ẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Àdùkẹ́ kọ oúnjẹ. Mo lu ìlù rẹ̀, kò wá. Mo mú ṣáwá tó dára jù lọ́jà dé iwájú ẹnu rẹ̀, ó yí imú kúrò. Ẹ mọ ohun tó máa ń ṣe Yorùbá tí wọ́n bá kọ oúnjẹ rẹ̀. Mo yí ẹja padà, mo gé e kékeré, mo gé e ńlá, mo ń lu irin náà láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Mísítà Bẹ́nẹ́tì ní kí n fi obìnrin náà sílẹ̀, pé oyún rẹ̀ ni, pé wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ní òróró tó lè gbé e dé ọjọ́ ìbí. Mo gbọ́, ṣùgbọ́n mo tún lù ú lọ́jọ́ kejì.

Ìgbà òjò ìparí ọdún ni ìjì ńlá kan dé. Ó jà mọ́jú, omi òkun sì wọ ilé ẹja wa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò sí ọkọ̀ ojú irin, omi bo òpópónà Belt Parkway. Bàbá Kúdí gbé mi gba àwọn títì àárín àdúgbò láti Springfield Gardens tí à ń gbé, igi ti wó dí ọ̀nà lọ́tùn-ún lósì, títí a fi dé. Ó ní, "Lọ bá àwọn ọmọ rẹ."

Omi ti kún yàrá ìsàlẹ̀ tí àwọn pọ́ńpù wà. Jẹnẹrétọ̀ ti rì. Omi táńkì ńlá ti di bí omi ẹ̀kọ, tí ọwọ́ ẹni kò ṣeé rí nínú rẹ̀. Láìsí pọ́ńpù, ọ́síjìn ń tán nínú omi náà. Adágún kékeré kan wà lókè lẹ́yìn ilé tí omi kò dé, a sì ní àgbá ọ́síjìn tó lè tó ibẹ̀ nìkan. Nítorí náà, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ kúrò nínú táńkì ńlá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ẹ̀rọ tuntun tí ilé iṣẹ́ rà láti fi yẹ omi wò ti kú, Mísítà Bẹ́nẹ́tì sì lọ yọ ìgò àti egbòogi àtijọ́ jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ ó kán an sínú omi, á pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Bí ọ́síjìn bá ṣe ń dínkù ni àwọ̀ náà á máa ṣá.

Mo lu irin náà fún Jágùnlabí. Ó wá, ó wọ inú àpò, a fi ẹ̀wọ̀n gbé e lọ sókè. Mo pe Àìná, ó wá. Ọ̀jọ̀ pẹ́ díẹ̀, ó wá. Àwọn ọkùnrin tó ń fa ẹ̀wọ̀n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìyá Áfíríkà yìí ń pe ẹja bí ajá.

Mo wá lu mẹ́ta wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Kò sí nǹkan kan. Mo tún lù ú. Oúnjẹ ni ìlù náà ń pè, Àdùkẹ́ kò sì fẹ́ oúnjẹ. A kò rí i, a kò mọ apá ibi tó wà.

Mísítà Bẹ́nẹ́tì ní ká ju àwọ̀n sí i, kí èèyàn mẹ́rin wọlé lọ lé e. Rósà ní tó bá fi jà nínú àwọ̀n nínú irú omi yìí, ọlẹ̀ inú rẹ̀ lè kú, òun náà lè kú. Ọ̀gá ní tí a bá fi í sílẹ̀, á kú náà. Ó gbé ìgò náà sókè sí ìmọ́lẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ ti ń ṣá.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ fún mi láyè díẹ̀. Igun abẹ́ fèrèsé yẹn ló ti máa ń gòkè gbé afẹ́fẹ́ mì. Láti ìgbà tí mo ti dé ibí, kò yí i padà."

Ó ní, "Tí kò bá gòkè ńkọ́?"

Mo ní, "Kò lè má gòkè. Omi yìí kò lè gbé e dúró, kò sí pọ́ńpù tó ń tì í. Tó bá fẹ́ sinmi, àfi kó wá gbé afẹ́fẹ́."

Ó wo ìgò náà. Ó ní, "Tó bá di funfun, àwọ̀n ni."

A rọra gbé àpò náà sọ̀kalẹ̀ sí igun yẹn. Mo dojúbolẹ̀ lórí pátákó, mo na apá mi sínú omi títí dé èjìká, mo di etí àpò mú. Mo ka gbogbo súrà tí mo mọ̀, mo tún padà sí àkọ́kọ́. Rósà ń kán egbòogi sínú ìgò tuntun lẹ́yìn mi, mi ò jẹ́ kó sọ àwọ̀ rẹ̀ fún mi.

Imú kan yọ sókè omi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojú mi. Mo rí àmì mẹ́ta ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó gbé afẹ́fẹ́ mì gbì, ó pa ẹnu dé, ó sì dúró, bó ṣe dúró lójú èmi àti Kúdí lọ́jọ́sí. A rọra fa àpò náà gba abẹ́ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú ikùn rẹ̀ gbé e dúró gbọọrọ, kò jà, kò ju ìrù lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí wọ́n gbé e dé òkè, Mísítà Bẹ́nẹ́tì jókòó sílẹ̀ nínú omi ìjì pẹ̀lú gbogbo aṣọ rẹ̀.

Ó fẹ̀yìn tì kí ọdún yẹn tó parí, ó padà sí Barbados. Èmi ló fi ipò lé lọ́wọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìrúwé, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àdùkẹ́ bí akọ kan, kò sì pẹ́ tó tún bí abo kan. Wọn kò dúró de ẹnikẹ́ni, wọ́n lúwẹ̀ẹ́ lọ síbi tí ìyá wọn kò sí, torí ìyá tí ebi ti ń pa fún oṣù púpọ̀ kò ṣeé fọkàn tán. A wọ̀n wọ́n. Akọ jẹ́ sẹ̀ńtímítà mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún, abo jẹ́ mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Táíwò àti Kẹ́hìndé ni mo sọ wọ́n, mo sì ṣàlàyé títí ó fi sú mi fún àwọn ará ibi iṣẹ́ pé èyí tó jáde kẹ́yìn ni ẹ̀gbọ́n. Mo pe Mísítà Bẹ́nẹ́tì lórí fóònù. Kò kí mi kú oríire. Ó ní, "Orí ló kọ́kọ́ jáde ni àbí ìrù?"

A kò ní àyè tó mọ́ lẹ́yìn ìjì, a sì gba àṣẹ láti fi àwọn ọmọ náà sílẹ̀ nígbà tí omi bá móoru. Inú mi bàjẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Rósà wá gbé mi lọ sí ẹnu omi tó wà ní gúúsù Long Island, ó fi ibẹ̀ hàn mí. Omi ibẹ̀ kò jìn, ó lọ́wọ́ọ́rọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyanrìn àti koríko ló wà nísàlẹ̀, ẹja kéékèèké pọ̀ níbẹ̀, àkùràkudà ńlá tó lè jẹ ọmọ àkùràkudà kò sì fẹ́ràn ibẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn ọmọ ẹkùn iyanrìn etí òkun yìí ti ń lo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Tí omi bá ti ń tutù, wọ́n á gba etíkun lọ sí gúúsù níbi tó ti móoru, nígbà tó bá sì di ìgbà ìrúwé, wọ́n á padà. Mo ní ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi ni wọ́n ní nìyẹn. Rósà fi ẹ̀rọ kékeré bí àtàǹpàkò sí wọn nínú lábẹ́ awọ. Nọ́ńbà tirẹ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dún, àwọn ẹ̀rọ mìíràn tí wọ́n so mọ́ ìsàlẹ̀ omi káàkiri etíkun sì ń gbọ́ ọ tí wọ́n bá kọjá. Èmi tí mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú etí garawa! A fi wọ́n sílẹ̀, wọn kò wẹ̀yìn.

Ọdún púpọ̀ ti kọjá lórí ìyẹn. Mo ti fẹ̀yìn tì, Kúdí ti bímọ, Àdùkẹ́ ṣì wà nínú táńkì, ó ti di àgbàlagbà, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ báyìí ń wo ọ́síjìn omi lórí fóònù láti orí ibùsùn rẹ̀. A gbúròó Táíwò fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́rin, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Bóyá ẹ̀rọ rẹ̀ ló bàjẹ́, bóyá apẹja ni, mi ò mọ̀, mo máa ń rò ó. Kẹ́hìndé ń dún lọ ní tirẹ̀, ní àríwá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ní gúúsù nígbà òtútù. Tí ẹnikẹ́ni bá bi mí bóyá iṣẹ́ mi lérè, orúkọ rẹ̀ ni mò ń sọ. Ṣùgbọ́n ìró kì í ṣe ara. Ẹ̀rọ á dún, kò ní sọ fún ẹ bí ara rẹ̀ ṣe rí, bó sanra, bó ń jẹun.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yìí, mò ń rẹ́ ilá nínú ilé ìdáná nígbà tí fóònù mi dún. Rósà ni. Orí ọkọ̀ ojú omi ló wà, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i lẹ́nu. Ó ní àwọn ti wà ní etíkun Delaware láti àná, pé ìwọ̀ àwọn mú abo ńlá kan láàárọ̀, pé àwọn fi ẹ̀rọ gbọ́ nọ́ńbà rẹ̀, Kẹ́hìndé ni.

Mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Mo ní, "Báwo ni ara rẹ̀?"

Ó ní, "Ó sanra, mà. A ti fi í sílẹ̀, ó ti lọ. Ọgbẹ́ eyín akọ wà lára lẹbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ti ń jinná."

Mo fa àga, mo jókòó. Bàbá Kúdí yọjú láti pálọ̀, ó bi mí ta ló kú. Mo fọwọ́ júwe fún un pé kó dúró. Mo bi Rósà pé báwo ló ṣe gùn tó, mo ní kó má ṣe fojú bù ú fún mi o, iye tí okùn ìwọ̀n sọ gan-an ni mò ń béèrè.

Ó ní mítà méjì àti sẹ̀ńtímítà mọ́kànlélọ́gbọ̀n.